Bí a ṣe ń múra de àtúnyẹ̀wò owó ìtọ́jú tí NHS ń san lórí òbí tàbí ẹbí ẹni ní England

Owó tí NHS ń san lórí ẹni tí àìlera rẹ̀ pọ̀ gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní NHS Continuing Healthcare, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń gé kúrú sí CHC, yàtọ̀ pátápátá sí ìrànlọ́wọ́ tí káńsù ń ṣe. Bí NHS bá ti gbà pé ìyá yín tàbí ọkọ yín lẹ́tọ̀ọ́ sí i, NHS ni yóò san owó ìtọ́jú rẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, ìbáà jẹ́ nínú ilé tirẹ̀, láìbéèrè iye tó wà ní báńkì tàbí ẹni tó ni ilé. Ti káńsù kò rí bẹ́ẹ̀. Ní England, ẹni tí ohun ìní rẹ̀ bá ju £23,250 lọ ni yóò máa fi owó ara rẹ̀ san ìtọ́jú, bí ó bá sì ti wọ ilé ìtọ́jú pátápátá, wọ́n lè ka ilé rẹ̀ mọ́ ohun ìní náà, àfi bí ọkọ tàbí aya rẹ̀ bá ṣì ń gbé inú rẹ̀ tàbí bí ìdí mìíràn tí òfin gbà bá wà. Ìdí nìyí tí lẹ́tà kékeré kan pé NHS ń bọ̀ wá ṣe àtúnyẹ̀wò fi ń kó ìdílé lọ́kàn sókè, pàápàá ìdílé tó jẹ́ pé ilé kan ṣoṣo tí bàbá àti ìyá fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣiṣẹ́ rà ní Peckham tàbí Woolwich ni gbogbo ogún tó wà nílẹ̀.

England nìkan ni ohun tí mo kọ síhìn-ín wà fún. Scotland ti fòpin sí irú ètò yìí ní 2015, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Wales àti Northern Ireland ní ìlànà tiwọn. Kí a sì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣe kókó jù lọ: àwọn tó ń bọ̀ kò mọ ìyá yín, wọn kò sì ní pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kà nínú ìwé ni wọn yóò gbà gbọ́ ju ohun tí ẹ bá fi ẹnu sọ lọ. Iṣẹ́ tó wà lọ́rùn yín láti ìgbà tí lẹ́tà bá ti dé títí di ọjọ́ ìpàdé ni láti rí i pé ìwé náà sọ òtítọ́, kí ó sì sọ ọ́ tán.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ béèrè irú àtúnyẹ̀wò tí wọ́n fẹ́ ṣe

Ìwé ìlànà ìjọba lórí CHC, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 2007, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2022, sọ pé kí àtúnyẹ̀wò àkọ́kọ́ wáyé láàárín oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí owó náà, kí ó sì máa wáyé lẹ́yìn ìyẹn, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù méjìlá. Ìwé kan náà sọ pé ohun tí àtúnyẹ̀wò wà fún ní pàtàkì ni láti wò ó bóyá ètò ìtọ́jú tí wọ́n ṣe ṣì bá ipò aláìsàn mu, àti pé, nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀ràn, kò ní sí ìdí láti tún ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí owó náà yẹ̀ wò. Ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n wá wò ó bóyá ibùsùn tí Màmá ń lò ṣì bá a lára mu, ọ̀tọ̀ sì ni kí wọ́n wá wò ó bóyá kí àwọn ṣì máa sanwó. Ọ̀pọ̀ ìdílé kì í béèrè èwo ló ń bọ̀ nínú méjèèjì, àfìgbà tí lẹ́tà kejì bá dé pé owó ti dúró.

Nítorí náà, ní kété tí lẹ́tà bá ti dé, ẹ kọ ímeèlì sí ẹ̀ka CHC ní Integrated Care Board àgbègbè yín, ìyẹn ICB, ìgbìmọ̀ NHS tó ń ṣètò ìlera ní àgbègbè, tí ó gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ àwọn CCG, ìgbìmọ̀ tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ní oṣù Keje 2022. Ẹ béèrè bóyá ètò ìtọ́jú nìkan ni wọ́n fẹ́ wò tàbí ẹ̀tọ́ sí owó. Ẹ béèrè orúkọ àti ipò àwọn tó ń bọ̀. Ẹ béèrè bóyá wọn yóò mú ìwé àyẹ̀wò tó kẹ́yìn dání. Bí wọ́n bá sì ní ẹ̀tọ́ ni àwọn fẹ́ wò, ẹ béèrè ohun tó yí padà lára aláìsàn tí ó fa èyí àti ibi tí ẹ̀rí ìyípadà náà wà. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé dáhùn. Bí ẹnìkan bá pè yín lórí fóònù láti ṣàlàyé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà pé ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rèé.

Ìdí tí ìbéèrè yìí fi wúlò ni pé nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo kò lè wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan kí ó fi ojú wo aláìsàn, kí ó sì gba owó náà kúrò. Bí wọ́n bá fẹ́ tún ẹ̀tọ́ yẹ̀ wò, àfi kí wọ́n kó àwọn onímọ̀ jọ, àwọn tí wọ́n ń pè ní MDT: ó kéré tán, òṣìṣẹ́ ìlera méjì láti ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kan pẹ̀lú òṣìṣẹ́ káńsù tó ń yẹ àìní àwọn ènìyàn wò lábẹ́ Care Act ti 2014. Àwọn wọ̀nyí ni yóò kún fọ́ọ̀mù tuntun tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Decision Support Tool, ìyẹn DST. NHS kò sì gbọdọ̀ dá nìkan yọwọ́ kúrò nínú owó tí ó ti ń san láìjẹ́ pé òun àti káńsù jọ tún ipò aláìsàn yẹ̀ wò, kí wọ́n sì ti bá aláìsàn tàbí aṣojú rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ta ni yóò sọ̀rọ̀?

Nínú òfin England, jíjẹ́ àkọ́bí ọkùnrin tàbí ìyàwó ilé kò fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti pinnu ọ̀rọ̀ ìtọ́jú fún àgbàlagbà mìíràn. Orúkọ ẹbí tó súnmọ́ ọn jù, tí wọ́n kọ sínú fáìlì ilé ìwòsàn, kò sì di àṣẹ. Ohun tó ń fúnni láṣẹ ni ìwé Lasting Power of Attorney lórí ìlera, èyí tí ènìyàn máa ń ṣe nígbà tí làákàyè rẹ̀ ṣì pé láti yan ẹni tí yóò máa pinnu fún un, tí wọ́n á sì forúkọ ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Office of the Public Guardian, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí ìwé náà bá wà, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ICB. Bí kò bá sí, tí ìyá sì ti kọjá ẹni tó lè fọwọ́ síwèé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí ohun tó kàn yín: lábẹ́ Mental Capacity Act ti 2005, ó yẹ kí wọ́n bi àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ àti àwọn tó bìkítà fún un léèrè ohun tí yóò ṣe é láǹfààní kí wọ́n tó pinnu fún un.

Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa sọ̀rọ̀ àti ẹnì kejì tí yóò máa kọ̀wé. Mo mọ bí ìpàdé ẹbí ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n tó wà ní Houston lórí fóònù àti àbúrò tó ti Ìbàdàn wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí oníkálukú ní ìtàn tirẹ̀. Ẹ ṣe ìpàdé yẹn kí ọjọ́ náà tó dé. Bí ọmọ kan bá sọ pé Màmá ṣì ń dá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, tí òmíràn sì ní kò lọ mọ́, èyí tó fúyẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì ló ṣeé ṣe kí ó wọ inú ìwé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá DST tí wọ́n fi fún un lówó ní ìjelòó

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n kún nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí owó náà ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tó kù, nítorí òun ni ìlànà sọ pé kí wọ́n fi wé ipò tí aláìsàn wà lónìí. Bí kò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ICB. Bí wọ́n bá ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni fún aláìsàn tàbí aṣojú rẹ̀ tó láṣẹ ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, oṣù kan sì ni wọ́n sábà máa ń ní láti fi dáhùn. Oṣù kan yẹn gan-an ni kò fi dára kí a máa dúró de ọ̀sẹ̀ tí ìpàdé ku ọ̀la.

Ìsọ̀rí méjìlá ló wà nínú fọ́ọ̀mù náà: mímí, oúnjẹ àti ohun mímu, ìtọ̀ àti ìgbẹ́, awọ ara, ìrìn àti yíyí ara padà, sísọ ohun tí ènìyàn fẹ́, ipò ọkàn, òye àti ìrántí, ìwà, oògùn àti ìrora, dídákú àti gìrì, àti ohunkóhun mìíràn tí kò bọ́ sí ìkankan nínú mọ́kànlá ìṣáájú. Lábẹ́ ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò ti mú ìpele, láti No needs dé Low, Moderate, High, Severe àti Priority. Kì í ṣe gbogbo ìsọ̀rí ló dé òkè pátápátá: Priority kò sí ju inú mímí, ìwà, oògùn àti dídákú lọ, nígbà tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́, sísọ ohun tí ènìyàn fẹ́, àti ipò ọkàn kì í kọjá High. Bí aláìsàn bá ní Priority kan, tàbí Severe méjì, wọ́n ń retí pé kí àwọn onímọ̀ náà dámọ̀ràn pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó. Bí kò bá ní ìkankan nínú wọn, ọ̀nà kò tíì dí. Wọn yóò wo gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo sì ń bọ̀ sórí ìyẹn.

Ẹ mú bébà kan, kí ẹ pín in sí mẹ́ta. Lápá kìíní, ẹ kọ ìpele tí wọ́n fún un ní ìjelòó lábẹ́ ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan àti ìdí tí wọ́n sọ. Lápá kejì, ẹ kọ bí ó ṣe rí báyìí. Lápá kẹta, ẹ kọ ìwé tó jẹ́rìí sí i, pẹ̀lú ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ibi tí apá kẹta bá ti ṣófo ni iṣẹ́ yín kù sí. Bébà yìí náà ni yóò wà níwájú yín lọ́jọ́ ìpàdé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ka ohun tí àwọn olùtọ́jú ń kọ

Ẹ béèrè fún àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ láti ilé ìtọ́jú tàbí ilé iṣẹ́ tó ń rán olùtọ́jú wá: ìwé oògùn, ìwé ìwọ̀n ara, ìwé bí wọ́n ṣe ń yí i padà lórí ibùsùn, ìwé ìṣubú, ìwé tí wọ́n ń kọ ìwà rẹ̀ sí. Ẹ fi lẹ́tà dókítà GP kún un, àti ti ilé ìwòsàn, ti nọ́ọ̀sì tó ń wo egbò, ti onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ àti oúnjẹ gbígbé mì, àti ti ẹ̀ka ọpọlọ àwọn àgbàlagbà bí wọ́n bá ń lọ síbẹ̀.

Kí ẹ wá fara balẹ̀ kà wọ́n. Púpọ̀ nínú àwa tí a ń ka èyí ló ti ṣe iṣẹ́ olùtọ́jú rí, a sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ òru fẹ́ parí, tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ sì ti fẹ́ lọ. “Settled night. All care given. No concerns.” Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé “all care given” yẹn túmọ̀ sí pé ènìyàn méjì fi ẹ̀rọ gbé ìyá náà, pé ó ń pariwo ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án, pé wọ́n pààrọ̀ aṣọ ibùsùn lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó wá ṣe àtúnyẹ̀wò kò mọ ìkankan nínú rẹ̀. Ohun tí ó rí ni òru àlàáfíà. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá sì jẹ́ “settled” lórí “settled,” àlàyé ẹnu yín yóò dà bí àsọdùn.

Nítorí náà, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìtọ́jú náà tàbí nọ́ọ̀sì àgbà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Ẹ má ṣe ní kí wọ́n bù mọ́ ọn, ìyẹn kò tọ́, ó sì lè ba gbogbo ẹ̀rí yín jẹ́. Ohun tí ẹ ń béèrè ni kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ṣe àti ohun tó ṣẹlẹ̀: iye ènìyàn tí iṣẹ́ náà gbà, iye àkókò, ohun tí ìyá ṣe, àti ohun tí wọ́n ṣe sí i. Ẹ tún béèrè ẹni tí yóò jókòó níbi ìpàdé lórúkọ ilé ìtọ́jú. Bí ó bá lè jẹ́ ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú ìyá yín lójoojúmọ́, ó sàn ju ọ̀gá tí kì í kúrò ní ọ́fíìsì lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kọ ti yín pẹ̀lú

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó, bí ẹ bá kọ ọ́ dáadáa. Bí a bá kọ pé “Màmá kì í jẹun dáadáa mọ́,” kò sí ohun tí ẹni tó ń kún fọ́ọ̀mù lè fi ṣe. Ẹ wo èyí:

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́jọ àárọ̀. Ògì ife kan, a ti fi ìyẹ̀fun tí ilé ìwòsàn fún wa mú un ki. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta la fi fún un. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ojú rẹ̀ pọ́n, omi ń dà lójú rẹ̀. A dáwọ́ dúró, a gbé e jókòó tààrà, a dúró títí èémí rẹ̀ fi padà sípò. Lẹ́yìn tí ó mu ìdajì, ó pa ẹnu dé, kò yà á mọ́.”

Àyọkà kúkúrú yìí ń ṣiṣẹ́, nítorí fọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀ ń ka àkókò: ẹni tí wọ́n ń fi oúnjẹ sí lẹ́nu fún ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti wọ Moderate, ẹni tí oúnjẹ gbígbé mì sì ṣòro fún débi pé ó nílò ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ kí oúnjẹ má bàa há a lọ́fun tàbí gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ lè wọ High. “Kì í jẹun dáadáa” kò lè gbé e dé ibì kankan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìwà. “Ó máa ń bínú” kò tó. Ẹ kọ pé nígbà tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀, ó ya olùtọ́jú léèékánná lápá, ó ń pariwo pé olè wọlé, pé wọ́n fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó padà, àti pé ènìyàn méjì ló ṣe é nígbẹ̀yìn. Ẹ kọ ìgbà tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn pẹ̀lú. Àkọsílẹ̀ tí kò ní ọjọ́ rere kankan nínú kì í wọ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí létí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ohun mẹ́rin tí wọ́n fi ń wọn gbogbo rẹ̀

Lẹ́yìn ìsọ̀rí méjìlá, ìbéèrè tó kù ni bóyá ohun tí ènìyàn yìí nílò jù lọ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera. Wọ́n fi ohun mẹ́rin wọ̀n ọ́n: bí àìní náà ṣe rí, bí ó ṣe pọ̀ tó, tí ó sì le tó, bí ọ̀kan ṣe ń kó sínú òmíràn tí ó fi ń ṣòro láti bójú tó, àti bí kò ṣe ṣeé sọ tẹ́lẹ̀ ìgbà tí yóò yí padà. Ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè tó. Ìkẹta ni àwọn ìdílé máa ń gbàgbé jù. Àtọ̀gbẹ nìkan ní oògùn tirẹ̀, dementia, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí àgbàlagbà máa gbàgbé, nìkan ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá tó ní àtọ̀gbẹ bá ń kọ oúnjẹ nítorí dementia lẹ́yìn tí wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́ insulin tán, ewu tuntun ti wà nílẹ̀ tí kò sí nínú ìsọ̀rí méjèèjì bí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ wá irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀ràn tiyín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí ẹ máa gbọ́ jù níbi àtúnyẹ̀wò ni pé ara rẹ̀ ti balẹ̀. Egbò ìdí rẹ̀ ti jiná. Kò ṣubú mọ́. Kò gbá ẹnikẹ́ni láti oṣù méjì sẹ́yìn. Ìwé ìlànà dá èyí lóhùn kedere: a kò gbọ́dọ̀ fojú kéré àìní kan nítorí pé wọ́n ń bójú tó o dáadáa. Àfi bí ìtọ́jú náà bá ti mú àìní ọ̀hún kúrò tàbí dín in kù títí láé, débi pé kò gba akitiyan bẹ́ẹ̀ mọ́, ni ó tó lè ní ipa lórí ẹ̀tọ́. Bí awọ ara Bàbá kò bá bó nítorí pé wọ́n ń yí i padà ní wákàtí méjì-méjì tọ̀sán-tòru lórí ibùsùn afẹ́fẹ́, àìní rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ìbéèrè tí ẹ lè bi wọ́n pẹ̀lú ìtẹríba ni pé, bí wọ́n bá dáwọ́ ìtọ́jú yẹn dúró lónìí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí?

Ó tún dára kí ẹ mọ orúkọ Pamela Coughlan, obìnrin ará Devon tí ìjàǹbá ọkọ̀ sọ di ẹni tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ. Ní 1999, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a láre pé ìtọ́jú tí ó nílò kọjá ohun tí òfin fi lé káńsù lọ́wọ́. Ìdájọ́ yẹn ni gbogbo ìlànà CHC dúró lé. Orúkọ àìsàn, ibi tí ènìyàn ń gbé, àti ẹni tó ń gbowó iṣẹ́ ìtọ́jú náà kì í ṣe ìdí láti fúnni ní ẹ̀tọ́ tàbí láti fi dù ú. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ìnáwó ICB wọ ìpinnu lórí ẹ̀tọ́ náà rárá.

Ìgbésẹ̀ keje: ọjọ́ ìpàdé

Bí Yorùbá bá ni èdè tó kù lẹ́nu ìyá yín, ẹ béèrè fún ògbifọ̀ Yorùbá tipẹ́tipẹ́. Iṣẹ́ NHS ni láti pèsè rẹ̀, ẹ kò sì ní san kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí dementia mú máa ń pàdánù Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn, tí wọ́n á padà sí èdè àárọ̀ ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí: pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò tó láti fún un ní ìpele gíga lábẹ́ sísọ ohun tí ènìyàn fẹ́. Ohun tó ń mú un dé High ni pé kò lè sọ àìní rẹ̀ lọ́nà tó ṣeé gbára lé lẹ́yìn tí wọ́n ti sa gbogbo ipá láti ràn án lọ́wọ́, ògbifọ̀ sì jẹ́ ara ipá náà. Ẹ fi hàn pé ní Yorùbá gan-an, ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní ìyá rẹ̀, ó ń sọ pé òun ti jẹun nígbà tí kò jẹ, kò sì lè sọ ibi tó ń dùn ún.

Bí a ṣe ń kíra wa náà máa ń kó bá wa. Nọ́ọ̀sì á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Màmá, á bi í léèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí, Màmá á rẹ́rìn-ín, á ní adúpẹ́, ara le, Ọlọ́run ń ṣe é. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣàlàyé fún un jẹ́jẹ́ pé ìkíni ni, pé àgbà Yorùbá kì í ka àìsàn rẹ̀ fún àlejò. Bákan náà, Màmá lè wà nínú ìró àti bùbá tó mọ́, kí gèlè rẹ̀ gún régé. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ pé ènìyàn méjì ló fi wákàtí kan wọ̀ ọ́ fún un. Àwọn mìíràn nínú wa kò tilẹ̀ fẹ́ fi ẹnu ara wọn pe àìsàn, wọ́n ní àwọn kò gbà á lórúkọ Jésù. Kí wọ́n gbàdúrà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Bí wọ́n bá jókòó tán, kí wọ́n sọ ojú abẹ níkòó.

Ìtìjú wà nínú kí ọmọ máa ka ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ìyá rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ rẹ̀ níwájú àjèjì. Ẹ lè béèrè kí wọ́n gbọ́ apá yẹn ní yàrá mìíràn.

Bí wọ́n bá ti dé orí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè ìpele tí wọ́n fẹ́ mú àti ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó kọjá. Bí ẹ kò bá fara mọ́ ọn, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ẹ kò fara mọ́ ọn. Ẹ má pariwo, ẹ má sì ṣe fi ìwé sílẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi àkọsílẹ̀ yín ránṣẹ́ sí wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: nígbà tí èsì bá dé

Àwọn onímọ̀ náà ló ń dámọ̀ràn, ICB ló ń pinnu. Kò sì yẹ kí ICB kọ àmọ̀ràn wọn sílẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀ràn náà ṣàrà ọ̀tọ̀, tí ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ yékéyéké. Ẹ rí i pé ìpinnu náà wà nínú ìwé, pẹ̀lú ẹ̀dà DST tuntun. Bí owó bá ń bá a lọ, ẹ pa ẹ̀dà yẹn mọ́, òun ni wọn yóò mú dání nígbà tó bá tún di ọdún tó ń bọ̀.

Bí wọ́n bá ní kò lẹ́tọ̀ọ́ mọ́, oṣù mẹ́fà ni ẹ ní láti ọjọ́ tí wọ́n fi tó yín létí láti béèrè pé kí ICB fúnra rẹ̀ tún un wò. Bí èsì ìyẹn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, oṣù mẹ́fà mìíràn wà láti gbé e lọ sọ́dọ̀ NHS England fún ìgbìmọ̀ tó dá dúró, lẹ́yìn ìyẹn ni Parliamentary and Health Service Ombudsman, tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí NHS. Lẹ́tà àkọ́kọ́ kò ní láti gùn; ẹ kọ pé ẹ kò fara mọ́ ìpinnu náà, kí ẹ sì kó ẹ̀rí ránṣẹ́ lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń fi ìfẹ́ kí gbogbo ẹ̀rí pé tán ba àkókò náà jẹ́.

Láàárín ìgbà yẹn, ìtọ́jú kò gbọdọ̀ dúró nítorí pé ICB àti káńsù kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí yóò sanwó. Ẹ ní kí káńsù ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ lábẹ́ Care Act. Ẹ béèrè bóyá NHS yóò ṣì san apá kan pẹ̀lú káńsù. Bí aláìsàn bá wà ní ilé ìtọ́jú tó ní nọ́ọ̀sì, ẹ béèrè fún owó ìtọ́jú nọ́ọ̀sì, èyí tí NHS ń san tààrà fún ilé náà, tí ó jẹ́ £254.06 lọ́sẹ̀ fún ọdún 2025 sí 2026. Attendance Allowance, owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba fún àgbàlagbà tó nílò ìtọ́jú, tí ó máa ń dúró lẹ́yìn ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n tí CHC bá ń san owó ilé ìtọ́jú, ṣeé béèrè padà bí ẹ bá ti di ẹni tó ń fi owó ara yín san gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí DWP, ẹ̀ka ìjọba tó ń san án, lọ́sẹ̀ náà gan-an.

Oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ ló wà tó ń gba owó ńlá láti bá ìdílé ja irú ẹjọ́ yìí, àwọn kan nínú wọn sì mọṣẹ́. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ pe Beacon, tí ń fúnni ní ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ lórí CHC, tàbí Age UK, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn àgbàlagbà lọ́wọ́, kí ẹ sì mú DST méjèèjì, ti àtijọ́ àti tuntun, dání lójú fóònù, nítorí ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ yín nìyẹn.